Òrí Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọkọ̀ tí bàbá mi ní kí ó tó ra eléyìí kò kú sójú ọ̀nà. Abẹ́ afárá ojú irin kan ní Nunhead, nílùú òyìnbó níbí, ló kú sí, níbi tí ọkùnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò ti fi òòlù kékeré kan irin abẹ́ rẹ̀, tí òòlù náà sì wọlé lọ bí ìka tó wọ inú àkàrà. N kò sí níbẹ̀. Bàbá mi ló sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé bàbá mi máa ń bu iyì sí ìtàn. Ṣùgbọ́n mo rí àwòrán ihò náà lórí fóònù rẹ̀. Àkàrà kò jìnnà sí òótọ́.

Iyọ̀ ló pa á. Nígbà òtútù, káńsù máa ń da iyọ̀ sí títì kí yìnyín má bàa gbé ènìyàn ṣubú. Táyà á ta omi iyọ̀ náà sí abẹ́ ọkọ̀, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù síbẹ̀, irin á sì máa dípẹtà díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré náà ni bàbá mi fi ń kó àgbá àti páálí tí àwọn ará wa ń fi ránṣẹ́ sí Èkó, láti ẹnu ọ̀nà wọn dé èbúté. Nígbà tí ó kú, bàbá mi padà sídìí iṣẹ́ gádì ní ilé ìtajà kan ní Brixton. Ọ̀gá kan tí kò ju èmi lọ lọ́jọ́ orí ló ń sọ ìgbà tó lè lọ tọ̀ fún un. Ọdún méjì ló fi ṣe é kí ó tó rí ọkọ̀ kejì rà, ó sì sọ fún èmi àti màmá mi pé ọkọ̀ ìkẹyìn nìyí. Bí ó bá ṣubú nínú àyẹ̀wò ọdọọdún tí gbogbo wa ń pè ní MOT, kò sí ẹ̀kẹta. Ìdúró ẹnu ọ̀nà onílé ìtajà ló kù.

Nítorí náà, nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, bàbá mi gbé ogun ti káńsù. Lówùúrọ̀ tí wọ́n bá ti da iyọ̀, á gbé ìgbálẹ̀ jáde, á gbá iwájú ilé wa mọ́ tónítóní láti ẹnu ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí dé orígun òpópónà. Ní ọjọ́ kẹta, màmá mi yọ̀ ní ibi tó gbá mọ́ náà gan-an, ó fi ìdí jókòó sílẹ̀.

"Daddy," ó ké láti ilẹ̀, "iyọ̀ tí ẹ gbá dànù ni ẹsẹ̀ mi ń wá o!"

Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, tó sì kọjú sí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, iṣẹ́ ni mo ń wá, inú yàrá tí mo dàgbà sí ni mo ṣì ń sùn.

"Ìwọ tí o ka kẹ́mísìtírì," ó ní, "kí la máa ṣe sí iyọ̀ yìí?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ kàwé. Lẹ́yìn rẹ̀ mo sọ ohun tí mo rí: kí á fi omi lásán fọ abẹ́ ọkọ̀ náà, kí á jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí á ha ibi tó ti ń pọ́n, kí á wá fi ohun tí omi kò lè gbà kọjá kùn ún. Ó lọ ra agolo ńlá kan ní ilé ìtajà àwọn mẹkáníìkì. Nígbà tó gbé e wọ ilé ìdáná, màmá mi ń ro ọbẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Ọ̀rá ni, Mummy," mo dáhùn. "Lára irun àgùntàn ni wọ́n ti ń rí i."

"Àgùntàn." Ó gbé síbí sílẹ̀. "Àgùntàn tí òjò ń pa kiri. Òrí ńkọ́?"

"Òrí wo?"

"Òrí tí mo fi ń kùn ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ. Yìnyín ìlú yìí ò rí ọ gbé ṣe. Ṣé o ti dípẹtà rí?"

"Awọ ara kì í dípẹtà, Mummy."

"Nítorí òrí ni."

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ọmọ mìíràn ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò. Bí ọ̀rá àgùntàn bá lè dá omi dúró, kí ló ní kí ọ̀rá igi má lè ṣe é? N kò rí ẹni tó ti dán an wò. Mo ní, "Mi ò lè sọ pé kò lè ṣiṣẹ́. Omi kì í gba inú ọ̀rá kọjá. Ṣùgbọ́n..."

Kò sí ẹni tó dúró gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé ṣùgbọ́n. Màmá mi ti yíjú sí bàbá mi. "Ẹ gbọ́ ẹnu akọ̀wé? Ó ní ó máa ṣiṣẹ́." Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, bàbá mi ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ òun tó ka kẹ́mísìtírì ti fọwọ́ sí òrí. Mo gbọ́ pé ẹni méjì nínú wọn gba ọjà Rye Lane lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti ra tiwọn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe láti gba ara mi là ni kí á dán an wò bó ti yẹ. Mo ní kí á fi ọ̀rá àgùntàn kun apá òsì, kí á fi òrí kun apá ọ̀tún. Wọ́n gbà. Ní ọjọ́ Sátidé, a gbé ọkọ̀ náà sórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, bàbá mi wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, màmá mi sì ń gbé òrí tó ti yọ́ jáde láti ilé ìdáná nínú ìkòkò tó fi ń se ẹ̀wà. Èmi ń ràkòrò káàkiri pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, lórí irin ìdábùú tó so apá méjèèjì pọ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, mo sì ha ọ̀dà rẹ̀ títí irin fi ń dán.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibí yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. A ò ní kùn ún ni. Bí a bá kun gbogbo rẹ̀, tí kò sì dípẹtà, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ohun tí a kùn ló gbà á?"

Bàbá mi na ọrùn jáde láti abẹ́ ọkọ̀. Òrí wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Bí kò bá dípẹtà, kí ló kàn mí nípa ohun tó gbà á?"

Mo ní, "Ìmọ̀ ni, sà."

"Ìmọ̀," bàbá mi wí, ó sì padà wọ abẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò kùn ún.

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ibẹ̀ ní Aláìláṣọ. "Aláìláṣọ ńkọ́?" ni á bi mí kí ó tó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, màmá mi dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ọkọ̀ náà, ó sì mi orí. "Nínú òtútù yìí! Kí n kúkú lọ fi gèlè mi àtijọ́ dì í." Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìdánwò náà á bàjẹ́. Ó ní èmi àti bàbá mi ò ní ojú àánú.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé. Ní àdúgbò wa wọ́n pọ̀ bí ológbò, wọn kì í sì í sá fún ènìyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí bàbá mi ń lọ gbé àgbá, ó rí ìrù pupa kan tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ó ń lá irin abẹ́ ọkọ̀ ní apá ọ̀tún bí ọmọ tó ń lá áísìkiriímù. Bàbá mi pariwo. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wò ó, ó lá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú èkejì rẹ̀. Bàbá mi tún gbé ìgbálẹ̀ tó fi ń gbá iyọ̀. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á jókòó lórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ìgbálẹ̀ lórí itan. Ọkùnrin tó ti ṣe gádì fún ọdún méjì, tó búra pé òun kò ní ṣe é mọ́, ló tún ń ṣọ́ òrí báyìí láìgba owó.

Màmá mi ní tirẹ̀ kò rí wàhálà kankan níbẹ̀. "Ṣé wọ́n fẹnu kan ti àgùntàn?"

"Rárá, Mummy. Ṣùgbọ́n pé ẹranko fẹ́ràn nǹkan kò fi hàn pé nǹkan náà ń dá iyọ̀ dúró."

"Ẹranko kì í purọ́," ó ní, ó sì yọ́ òrí mìíràn kí á fi dí ibi tí wọ́n ti lá.

Ohun tó kù yìí ni n kò fẹ́ràn láti kọ. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mo máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé kékeré kan. Ní àárín oṣù January, mo rí i pé Aláìláṣọ ti pọ́n. Àwọ̀ pupa bí ata gígún ti bò ó, ó dúró ní etí àmì ṣọ́ọ̀kì mi géérégé. Apá òsì kò pọ́n. Apá ọ̀tún náà kò pọ́n, àfi ibi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti lá ni n kò lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Ó yẹ kí n wọlé lọ sọ fún bàbá mi. Dípò bẹ́ẹ̀, inú mi dùn pé ìdánwò mi ti fi èsì hàn. Ó dùn débi pé mo ya àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí bàbá mi bèèrè lóunjẹ alẹ́ pé "Aláìláṣọ ńkọ́?", mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà." Kì í ṣe irọ́. Mo ti wọn gbólóhùn náà kí n tó sọ ọ́, kì í ṣe irọ́.

Ọjọ́ MOT bọ́ sí oṣù February. Èmi ni mo bá bàbá mi lọ sí abẹ́ afárá náà ní Nunhead. Ọkùnrin kan náà ló ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti là pẹ́rẹpẹ̀rẹ nítorí òtútù, òòlù kan náà ló sì mú dání. Bàbá mi kí i bí ènìyàn ṣe ń kí ẹni tó sìnkú ará ilé rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè. Ibẹ̀ móoru, nítorí ẹ̀rọ amúlégbóná kan ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí òrí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìkán àkọ́kọ́ bọ́ sí iwájú orí ọkùnrin náà.

"Kí lèyí?" ó bèèrè.

"Ìpara ni," bàbá mi dáhùn.

"Ìpara? Ti ọkọ̀?"

Bàbá mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. "Ọmọ mi ka kẹ́mísìtírì," ó ní.

Ọkùnrin náà nu orí, ó sì sọ pé bí òun kò bá rí irin, òun kò lè yẹ̀ ẹ́ wò, òun á dá wa padà ni. Ó fi ọwọ́ nu ibì kan, ó nu ibòmíràn, òrí ń ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀. Níbi tó nù, irin mọ́. Ó kan án, ó dún bí agogo. Ó ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé irin ìdábùú. Ibẹ̀ náà ni ihò ti wà lára ọkọ̀ tó kú. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí Aláìláṣọ, ó sì gbé òòlù sókè.

Mo mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàwé, pé ìpẹtà oṣù mẹ́ta kò lè jẹ irin bẹ́ẹ̀ já. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Síbẹ̀ mo di apá bàbá mi mú.

Òòlù balẹ̀. Ó dún. Ó tún kan án lẹ́ẹ̀mejì, ó ha á pẹ̀lú ìdí òòlù, pupa náà fò dànù, irin sì wà lábẹ́ rẹ̀ digbí.

Ọkọ̀ yege. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé tó fún wa: ìpẹtà díẹ̀ lórí irin ìdábùú ẹ̀yìn, ibì kan péré. Kí á tó lọ, ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí òrí ti mú rọ̀ ra ara wọn, ó ń wò wọ́n. Ó bèèrè orúkọ ìpara náà.

Nínú ọkọ̀, bàbá mi ka ìkìlọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ṣíná sí ọkọ̀.

"O ti rí i tẹ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"January."

Ó wa ọkọ̀ dé iná ojú títì àkọ́kọ́. "O sì kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé," bàbá mi wí. "Ẹ kú ìmọ̀." Bí ó bá gbá mi létí, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a délé, kò gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó gbé agolo ọ̀rá àgùntàn àti ike òrí sílẹ̀ níwájú mi, ó sì jókòó sórí àga ike rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo ha Aláìláṣọ mọ́. Mo fi ọ̀rá àgùntàn kùn ún, mo dúró kó wọlé, mo sì fi òrí bò ó nípọn nípọn. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì mọ́.

"Ó ku ibì kan?" bàbá mi bèèrè.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì yíká lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kò kù, sà."

Ó ń retí kí n tún sọ "ṣùgbọ́n".