Amí Olórúkọ Méjì

Ìfura loògùn àgbà, mo sì ti mu oògùn náà ní àmujù. Ìyàwó mi ní bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú mi, n óò kọ́kọ́ béèrè ẹni tó sè é àti ohun tó ń wá. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé ìwé àtijọ́ náà a máa purọ́, nítorí ènìyàn ló kọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti ìlú Awa wá ń ṣe oyè kejì lábẹ́ mi. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ni. Ọ̀kadà ló máa ń gùn wá lẹ́yìn tó bá ti tú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì á ṣì wà létí ìbòrí rẹ̀. Mo rò pé yóò kọ̀wé lórí àwọn asásálà ogun tó gbé ní Òrù nítòsí wọn nígbà kan. Rárá o. Àwọn ará Àrápáhò ló fẹ́ kọ̀wé lé lórí, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí ìjọba òyìnbó gbà síṣẹ́ amí nígbà ogun, tí wọ́n ń ṣáájú àwọn sójà, tí wọ́n ń wo ipa ẹsẹ̀ ẹṣin nílẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn padà di aṣáájú àwọn ènìyàn wọn.

"Kí ló kàn yín níbẹ̀?" ni mo bi í.

"Sà, ẹni tó ń gba ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń fọ̀nà hàn. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn."

Ìdáhùn náà dára. Òun gan-an ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú.

Ó kọ ímeèlì sí ilé ìkówèésí kan l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ẹ̀dà àwọn ìwé náà ránṣẹ́ sí i: ìwé tí wọ́n fi gba amí síṣẹ́, ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, lẹ́tà tí ọ̀gá sójà kọ láti jẹ́rìí pé olóòótọ́ ni ẹni tó mú un lọ́wọ́. Níbi tó yẹ kí àwọn amí náà buwọ́ lù, ìlà méjì tó dábùú ara wọn ni wọ́n fà síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un o. Èmi tí mo ti ń bẹ àwọn ilé ìkówèésí láti ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó fi bébà kan ṣoṣo ta mí lọ́rẹ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ obìnrin náà.

Ìgbà tó yá, ó gbé orí kẹta ìwé rẹ̀ wá. Ó ní amí kan wà nínú ìwé àwọn ológun, aṣáájú kan sì wà nínú ìwé ìpàdé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Orúkọ wọn kò jọra rárá, ṣùgbọ́n ó ní ẹnì kan náà ni wọ́n. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ojú ìwé kan tí ògbufọ̀ àwọn sójà kọ, pé ọkùnrin náà ti fi orúkọ rẹ̀ ta ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wọn, ó sì ti gba òmíràn. Mo wo ojú ìwé yẹn títí. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ gbogbo ìyókù, èyí nìkan ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ta ní í bọ́ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn bí ẹni bọ́ agbádá? Mo sọ lọ́kàn mi pé, "Ọwọ́ tẹ̀ ọ́ lónìí."

Mi ò bi í léèrè. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka wa pé ó jọ pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ayédèrú ìwé. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, lílé ni wọ́n ń lé e, iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ pàápàá lè bá a lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí ní Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, mo ní iṣẹ́ mìíràn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà ní àdúgbò Òkè-Ṣọpẹ́n níbẹ̀, fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Àwọn tó ń ṣètò hajj kò gba ìwé rẹ̀, nítorí orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ àti èyí tó wà lórí ìwé ọjọ́ orí rẹ̀ kò bára mu. Wọ́n ní kó lọ búra ní kóòtù. Èmi ni mo gbé e lọ.

Akọ̀wé kóòtù, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò jọ ti Ìjẹ̀bú, wo káàdì, ó wo ìyá náà, ó tún wo káàdì.

"Màmá, èwo gan-an lẹ̀yin nínú méjèèjì?"

"Èmi náà rèé."

"Ẹni tó ni káàdì yìí ńkọ́? Àbí ó ti kú ni, tí ẹ wá ń lo tiẹ̀?"

Ara mi gbóná. Ìyá náà kò tilẹ̀ bínú.

"Ọmọ mi, ìyàwó ilé wa ló mú mi lọ ya káàdì. Wọ́n bi í ní orúkọ mi. Ṣé ìyàwó á wá pe ọmọ ilé lórúkọ ni? Èyí tí wọ́n ń pè mí náà ló sọ fún wọn."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àwọn ìyàwó ilé wa wo eyín àbúrò bàbá mi nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n sì fi eyín náà sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí àfáà fún un ló wà lórí ìwé ọjọ́ orí, orúkọ eyín ló wà lórí káàdì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya káàdì ọ̀hún, eyín ẹnu rẹ̀ kò pé mẹ́rin mọ́.

Akọ̀wé náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rí dà?"

"Ẹ̀rí wo?" Mo ti ń pariwo. "Ìyá tó tọ́ mi rèé! Ẹ bi mí! Ṣé ìwé là ń kọ́kọ́ tọrọ kí àwọn ìyàwó ilé tó sọ èèyàn lórúkọ?"

"Ẹ má bínú, sà. Bí a kò bá fura, wọ́n á tàn wá jẹ."

Mo ti la ẹnu láti bú u kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi lẹ́nu rẹ̀. Ojú tì mí. Ohun tó ń ṣe sí ìyá mi níwájú mi yìí ni mo ti ṣe sí obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí. Akọ̀wé yìí tilẹ̀ sàn jù mí lọ, ó ṣáà béèrè.

Wọ́n búra fún un níkẹyìn. Mo gbé e délé, mi ò dúró jẹun, mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè. Olórí ẹ̀ka ti lọ sílé. Mo kọ ímeèlì sí ilé ìkówèésí náà, wọ́n sì fèsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ojú ìwé ògbufọ̀ náà wà lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́. Àwọn ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́ ń parẹ́ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo dìde níwájú ìgbìmọ̀, mo ní mo ti gba ẹ̀sùn mi padà. Olórí ẹ̀ka wò mí lókè ìgò ojú rẹ̀.

"Ẹ ò kọ́kọ́ bi ilé ìkówèésí?"

"Mi ò bi wọ́n."

"Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yín?"

"Mi ò bi í."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó sí ìkángun tábìlì, ó di ọ̀rá kan mú mọ́ àyà. Gbogbo ímeèlì òun àti ilé ìkówèésí ló tẹ̀ jáde sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kó tú u. Wọ́n ní ẹjọ́ ti parí.

Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ òótọ́ fún un pé kì í ṣe ojú ìwé yẹn ló bí mi nínú, bí kò ṣe pé olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti Awa rí ohun tí èmi kò rí rí. Ìlara ni, mo kàn fi ìfura dá aṣọ fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní kò sí wàhálà, sà. Lẹ́yìn náà ló mú fọ́ọ̀mù kan jáde nínú ọ̀rá náà. Ó fẹ́ gba alábòójútó mìíràn, ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

"Orí kẹta yẹn," mo ní, "òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan kọ rí."

"Ẹ ṣé, sà," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi retí kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀." Ó na bírò sí mi.