Òróró Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Bí mo bá ti ṣí ìgò òróró ólífì báyìí, orúnkún obìnrin Ṣáínà kan ni mo máa ń rántí.

Lọ́jọ́ kan tí mo ṣì kéré, Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ dókítà dé sí fúláàtì wa ní Thamesmead, ní London, ni, kò tíì bọ́ kóòtù. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní obìnrin Ṣáínà tó ń gbá tẹ́níìsì, tí Mummy fẹ́ràn bí àbúrò ẹ̀, ò ní gbá a mọ́: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún ẹ̀ títí, kò gbọ́. Wọ́n wá ń fi ìdíje tó ti gba ife hàn.

Mummy da òróró àdúrà sọ́wọ́, ó ń fi lé orúnkún yẹn kiri ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Dúró jàre! Kò ní parí síbí, lórúkọ Jésù! Ìwọ, ṣe àmín!"

"Àmín. But Mummy, ẹ ti ba telly jẹ́."

Ó jókòó, ó ká ṣòkòtò ẹ̀ sókè, ó sì fi òróró tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ pa orúnkún tiẹ̀. Mo rò pé kó má baà ṣòfò ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé dókítà ti sọ fún un lọ́jọ́ yẹn pé, nítorí orúnkún ẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, iṣẹ́ tó torí ẹ̀ wá sí London.

Ti obìnrin Ṣáínà nìkan ni mo ṣe àmín sí.