Òwú Pupa Tí Mo So Mọ́ Ọrùn Ìgò

“Ẹ má ṣe da tínà tàbí kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú ilé tí ọmọdé bá wà.” Nọ́ọ̀sì kan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa níbi ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Kò tíì parí rẹ̀ tí ẹ̀rín fi sọ. Ìyá kan tó jókòó níwájú mi yíjú padà, ó ní, “Ẹ gbà mí o, ta ló tún ń ṣe irú ìyẹn láyé òde òní?” Ẹlòmíràn ní kí nọ́ọ̀sì tètè ṣe é, nítorí oúnjẹ ń tutù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ilé-ìwé girama ni mo kà mọ, abẹ́rẹ́ ni mo sì fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí, mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Mo rántí ìgbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá, tí fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìtàjí. Ilé ìyá ọkọ mi ni à ń gbé. Ọkọ mi ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi sì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan lẹ́bàá títì. Ọmọ kan ṣoṣo la ní, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rù ọmọ náà ń bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé fi sọ mí ní Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án. Abẹ́rẹ́ mi ní agolo tó ní ìdérí, sísọ́ọ̀sì mi ní àpò, òróró máṣíìnì mi sì wà lókè níbi tí èmi fúnra mi gbọ́dọ̀ nàgà kí n tó mú un. Mo gbà nígbà náà pé bí ìyá bá ti lè ṣọ́ra tó, ibi kò ní rí ojú ihò tí yóò gbà wọlé. Bí mo bá rántí ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn pẹ̀lú gbogbo ìdérí agolo rẹ̀, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí.

Ní ọdún náà, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, àbúrò ọkọ mi tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ sì padà wálé. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi páálí kan ránṣẹ́ sí i. Ọkọ̀ òfurufú ogun ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ènìyàn kan ṣoṣo ń wà, tó ń gbé bọ́ǹbù sábẹ́ ìyẹ́. Ṣùgbọ́n ike ni gbogbo rẹ̀, ní wẹ́wẹ́, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ike bí èso mọ́ ẹ̀ka. Bí a bá tò ó tán, kò lè gùn ju apá ènìyàn láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Àbúrò ọkọ mi tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì ní pálọ̀, ó fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gé wọn, ó fi bébà oníyanrìn ha etí wọn, ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. N kò ní purọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára. Ojú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ kò ṣeé rí. Ká ní ọmọ iṣẹ́ mi ni, ǹ bá ti fún un ní fírídọ̀ọ̀mù kí ọdún tó yí.

Ọ̀dà kò bá páálí náà wá. Ó lọ sí Ìkọ̀lé, ó ra ọ̀dà olóróro nínú agolo kékeré, aláwọ̀ eérú àti aláwọ̀ ewé, ó sì ra tínà tí yóò fi là á kí ó má bàa ki jù. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ta tínà: ìgò tí o bá gbé lọ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n sí, bí wọ́n ti ń ta epo pupa àti kẹrosíìnì. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò funfun kan ni ó gbé lọ. Ó ṣàlàyé fún wa pé tínà àwọn tó ń kun mọ́tò a máa yọ́ ike, pé ti àwọn akunlé ni kì í yọ́ ọ. Síbẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu gbọ́. Ó kọ́kọ́ kán díẹ̀ sára ọ̀pá ike tó ṣẹ́kù, ó dúró, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò. Kò yọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ bá mi rántí ọ̀pá ike yẹn, nítorí èmi kò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó kan àwọn àmì. Ìràwọ̀, nọ́ńbà, àti ọ̀rọ̀ wínníwínní tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kà, orí bébà kan ni gbogbo wọn wà. Èèyàn á gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, á rẹ ẹ́ sínú omi, á dúró títí àmì náà yóò fi máa yọ̀ lórí bébà rẹ̀, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì tì í sára ọkọ̀. Bí ó bá kánjú, yóò ya. Bí ìdọ̀tí bá wà nínú omi, yóò hàn lábẹ́ rẹ̀ títí ayé. Nítorí náà ó se omi, ó jẹ́ kó tutù, ó dà á sínú ìgò mìíràn. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà ni, funfun, ìbejì ti àkọ́kọ́. Ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọmọ mi jókòó tì í láti òwúrọ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo idán. Nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, àbúrò ọkọ mi bu omi fún un mu láti inú ìgò omi rẹ̀.

Mo ní, “Ọkọ mi, ìgò méjèèjì yìí jọra jù.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, omi ló wà lọ́tùn-ún, tínà ló wà lósì. Mi ò lè ṣì í mú.”

“Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ̀rù yín ń bà mí. Ọmọ yìí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.”

“Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án! Tínà ń rùn fìn-ìn. Ta ni yóò mu ún?”

Mo gbé páálí náà, mo ka ìkìlọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí i létí, pé kí ọwọ́ ọmọdé má ṣe dé ìdí ọ̀dà àti tínà. Ó ní ohun gbogbo ló ń ba òyìnbó lẹ́rù. Ìyá ọkọ mi dá sí i láti ẹnu ọ̀nà, “Uyàwó, jẹ́ kó ṣe uṣẹ́ rẹ̀ jàre. Ṣé inú ugò kọ́ ni kẹrosíìnì ń wà látijọ́? Àbí kò sí ọmọ ní ulé yìí nígbà yẹn?” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Mo lọ sínú àpò iṣẹ́ mi. Mo gé òwú pupa, èyí tó nípọn tí mo fi ń ṣe ojú bọ́tìnnì, mo so ó mọ́ ọrùn ìgò tínà, mo ta á ní kókó. Mo pe ọmọ mi. “Èyí tó ní òwú pupa, kí ni?” “Májèlé!” “Ṣé a máa ń fọwọ́ kàn án?” “Rárá, Màámi!” “Èyí tí kò ní òwú ńkọ́?” “Omi ni!” A ń sọ ọ́ títí ó fi di orin lẹ́nu rẹ̀. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, bí ẹni tó fi bíríkì mọ ògiri.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán, nítorí àwọn ọmọ fẹ́ wọlé. Ọkọ mi wà ní oko. Ọ̀sán gangan, ọyẹ́ sì mú. Igbe ìyá ọkọ mi ni mo gbọ́. N kò rántí bí mo ṣe sáré dé ilé. Mo bá ọmọ mi lórí itan màmá náà, epo pupa wà ní ẹnu ọmọ náà, ní àyà rẹ̀, àti lára aṣọ rẹ̀. Ó ń bì, ó ń wúkọ́, gbogbo pálọ̀ sì ń rùn tínà. Àbúrò ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì dání.

“Mo ti fún un lépo,” ni ìyá ọkọ mi ń wí. “Ó ti bì í, ó ti bì í. Kò ní kú. Uyàwó, má sunkún, ó ti bì í.”

Ṣùgbọ́n àyà ọmọ mi ń dún, ihò imú rẹ̀ sì ń fẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èémí. Àbúrò ọkọ mi gbé e, gbogbo wa sáré lọ sí títì, takisí kan sì fẹ́ kó èrò lọ sí Ìfàkì. Àwọn èrò rí wa, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ilé ìwòsàn kan ní Ìdó ni awakọ̀ gbé wa lọ. Wọ́n fi ike sí i nímú, wọ́n ń fún un ní atẹ́gùn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wo aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ta ló fún ọmọ yìí lépo?”

Ìyá ọkọ mi dáhùn, “Èmi ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó bì í.”

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, nígbà tó mu ún, inú ikùn ló lọ. Nígbà tí ẹ mú un bì, ó gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ló ti ń jà yìí.” Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ibùsùn, ó fi ìborùn bojú.

A pẹ́ ní ibẹ̀. Èmi kò mọ̀ bóyá ọmọ mi yóò yè é. Ní òwúrọ̀ tó kọ́kọ́ la ojú, tí ohùn rẹ̀ ṣì há, ó rò pé mo fẹ́ nà án. Ó ní, “Màámi, kò ní òwú pupa.”

Mo ní, “Kí lo wí?”

“Ìgò yẹn kò ní òwú pupa. Omi ni mo mu.”

Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mo so òwú náà, èmi tí mo ta á ní kókó! Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé ilé, tí mo tẹ́ ẹ sórí àga ní pálọ̀, ojú rẹ̀ lọ sókè, ojú mi sì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ òfurufú náà wà lókè, ó rọ̀ mọ́ ìṣó kan lára àjà, pẹ̀lú ìràwọ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, ó ń dán. Òwú pupa ni wọ́n fi so ó.

Mo pe àbúrò ọkọ mi. “Òwú wo nìyí?”

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. “Ti ọrùn ìgò ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dídán bo àwọn àmì náà ni, mo sì fẹ́ kọ́ ọ sókè kó gbẹ. Òun ló sún mọ́ mi jù. Mo ní kí ọwọ́ ọmọ má bàa tó o.”

Kí ọwọ́ ọmọ má bàa tó o! Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ pé kí a gbé ike sórí pẹpẹ, kí a wá fi májèlé sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó kán tínà sára ọ̀pá ike kí ìyẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ má bàa yọ́. Ta ló dán an wò fún ọ̀fun ọmọ mi? Mo gbé àga, mo gun orí rẹ̀, mo fi sísọ́ọ̀sì gé òwú náà. Ọkọ̀ já lulẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kan ṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ké, “Yéè! Uyàwó, kí ni ọkọ̀ ṣe ọ́?” Mo ní, “Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Màmá. Ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tí ọmọ mi ṣe é.” N kò sọ irú rẹ̀ sí wọn rí, n kò sì tọrọ àforíjì rẹ̀ títí dòní.

A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi dìde, ó ní ọ̀tá gbìyànjú ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò gbà fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àbúrò rẹ̀ pé òun ló gbé ọmọ sáré lọ sínú takisí. Mo dúró láàárín wọn, mo di eyín mi. Ọ̀tá wo? Ọ̀tá kì í lọ sí Ìkọ̀lé ra tínà. Nígbà tí mo bá ọkọ mi sọ ọ́ nílé, ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ìyá rẹ̀ nìkan ló wá bá mi nínú yàrá, tó ní, “Uyàwó, ohun tí ìyá mi ṣe fún wa ni mo ṣe. N kò mọ̀.” Òun ni mo dárí jì láti ọkàn mi wá. Títí ó fi kú, bí ó bá dé ilé onílé, ó máa ń wo abẹ́ tábìlì wọn.

Ọmọ mi ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, mo ń gbọ́ àyà rẹ̀ nínú fóònù kí ó tó kí mi. Oògùn tó ń fà sẹ́nu kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Òwú pupa yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú agolo abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí ìpàdé parí, mo lọ sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Lábẹ́ tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ páálí ohun mímu, ìgò funfun kan dúró, bébà ni wọ́n fi dí i lẹ́nu. Mo gbé e sókè, mo bi ìyá tó jókòó níwájú mi lẹ́ẹ̀kan léèrè ohun tó jẹ́. Ó ní, “Kẹrosíìnì sítóòfù wa ni. A máa gbé e kúrò tó bá yá.” Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sáré yí tábìlì náà ká.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ má jẹ́ kó di tó bá yá. Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ wo abẹ́ tábìlì yín, ẹ da tínà àti kẹrosíìnì kúrò nínú ìgò ohun mímu, ẹ sì tì í mọ́ ibi tí ọmọ kò lè dé. Bí ọmọ bá ti mu ún, ẹ má fún un lépo, ẹ má mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì so òwú mọ́ ìgò kankan. Òwú ṣeé tú.