Ọ̀lẹ Kọ́ Ni Ràímì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Ṣakí nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge. Ó ti lé lógójì ọdún, síbẹ̀ ara mi ṣì ń bù máṣọ!

Ràímì ni mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ bíi tiwa ni, ó ga, ẹ̀rín ò sì jìnnà sí i lẹ́nu. Àmọ́ ara rẹ̀ ò yé ẹnikẹ́ni. Tó bá ti kọ ebè díẹ̀, apá rẹ̀ á gan, á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tó bá sinmi, ara rẹ̀ á tún yá. Kí lẹ rò pé wọ́n ń pè é? Ọ̀lẹ ni!

Ẹ sì mọ àṣà wa. Ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ yín gbọ́dọ̀ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sóko yín, kí wọ́n wá bá yín kọ ebè iṣu. Lọ́jọ́ tí Ràímì kọ́kọ́ wá, abẹ́ igi ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà. Bàbá mi délé, wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ fún ọkùnrin tó ń wá ibi jókòó kí òógùn tó jáde lára rẹ̀, àfi tó bá padà wá ṣe bí ọkùnrin.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ mọ́, pé màmá mi á bá wa bẹ̀ wọ́n. Ó ní rárá, òun ò ní sinmi lọ́tẹ̀ yìí, kódà kí apá òun já.

Kò sì sinmi lóòótọ́! Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ sóko. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọrin, òun náà ń gbè é. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n, bàbá mi sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní àna àwọn. Inú mi dùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú mi dùn o!

Lọ́jọ́ kejì, kò lè dìde lórí ẹní. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi àgbo. Àwọn kan ní aráyé ló ṣe é, àlùfáà wá ṣàdúà, kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá kan n'Ìbàdàn.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún ìyá Ràímì pé èròjà kan wà nínú iṣan wa tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Òun ló ń bá iṣan tọ́jú agbára, tó sì ń tètè fún un nígbà tíṣẹ́ bá le. Ó ní tí iṣan bá fọ́, èròjà náà á tú dà sínú ẹ̀jẹ̀, àti pé ó ti kún ẹ̀jẹ̀ Ràímì. Iṣan tó fọ́ ti dí kíndìnrín rẹ̀ pa. Ó ní àìsàn tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ líle fọ́ iṣan ni wọ́n bí mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Ràímì ò bọ̀ wálé láàyè. Bàbá mi ò pe ẹnikẹ́ni lọ́lẹ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Dókítà ní kí wọ́n kó àwọn àbúrò rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Lásísì, tó tẹ̀ lé e, ní irú ara kan náà. Wọ́n ní kó fi oko sílẹ̀, ló bá kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ó wà láyé, ó sì máa ń yà kí mi.

Àmọ́ ohùn rẹ̀, yéè! Ohùn Ràímì gẹ́lẹ́ ni. Tó bá ti ké àgò lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi á já. Kí n tó ronú, ẹnu mi á ti pe orúkọ òkú. Lásísì ò bá mi jiyàn rí. Ó kàn máa ń jẹ́ ẹ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní ó rẹ òun, ẹ gbà á gbọ́. Ta ni wọ́n ń pè lọ́lẹ ládùúgbò tiyín? Ẹ sọ ọ́ fún mi níbí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná.