Òkìtì Tíṣà Deborah

Bí ẹ bá dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa tó wà lọ́nà Sekona, tí ẹ béèrè ẹni tó ṣe òkìtì eré àwọn ọmọ kéékèèké, orúkọ ọ̀gá àgbà ni wọn yóò dá fún yín. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín kíláàsì mi àti ti Deborah, mo sì mọ̀ dájú pé ọ̀gá àgbà kò ru yẹ̀pẹ̀ abọ́ kan. Deborah ló ṣe é, ó sì ti tó àkókò kí ẹnì kan sọ ọ́ síta.

Deborah kì í ṣe èèyàn ńlá. Tíṣà kíláàsì kìn-ín-ní ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ìyàwó Jacob kafíńtà. Ó kúrú, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n tó bá ti gbá ọ̀rọ̀ kan mú, ẹ lọ sùn, ẹ jí, ibẹ̀ náà lẹ máa bá a. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé òun kì í bá Deborah jiyàn, pé ẹni tó bá bá a jiyàn kàn ń fi àkókò ṣòfò ni, nítorí yóò padà gbà fún un.

Lọ́dún 1985 tí mò ń sọ yìí, àwọn sójà ló ń ṣèjọba, ìlú sì le koko. Wọ́n ti dá àwọn tíṣà kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, owó oṣù àwa tó kù kì í sì í dé bó ṣe yẹ. Ṣọ́ọ̀kì pàápàá, ṣe la máa ń ṣẹ́ ẹ sí kékeré kó lè pẹ́. Ta ló máa wá gbọ́ ọ̀rọ̀ jáńgílófà ọmọdé nírú àkókò bẹ́ẹ̀?

Àwọn irin eré ilé ìwé wa ti wà níbẹ̀ kí òmìnira tó dé. Alájì Sàídì, oníṣòwò kòkó kan tó ti dolóògbé, ló fi ta ilé ìwé lọ́rẹ: jáńgílófà tí wọ́n fi ṣéènì so kọ́, àti irin gíga kan tí ọmọ máa gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ sókè, kó tó fìdí yọ̀ wálẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ Alájì sí pátákó kékeré kan, wọ́n kàn án mọ́ ọn. Wọ́n ní nígbà tí irin náà ṣì ń dán, àwọn èèyàn ń ti àdúgbò Alajue wá wò ó. Ní tiwa, ó ti dógùn-ún, ìpáàrà ti jẹ ẹ́ wọnú, ṣéènì sì ń gé ọmọ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣẹ́ mọ́ ọmọ kan tí ń jẹ́ Dámiláre lẹ́sẹ̀, tí ọmọ náà jábọ́, tó kán lápá, Deborah mú okùn, ó fi yí gbogbo rẹ̀ ká, ó ní ọmọ kankan kò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá àgbà ní ọ̀rọ̀ parí. Kò parí, nítorí Sìmbíátù.

Inú kíláàsì Deborah ni Sìmbíátù wà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré, ó máa ń wọ sílípáàsì sọ́wọ́, á sì máa rákò. Orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n tí agogo eré bá lù, abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń jókòó sí, tí á máa ṣọ́ báàgì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àní nígbà tí irin ṣì dára, ta ló máa gbé e gun àtẹ̀gùn? Lọ́jọ́ kan Deborah bi í léèrè bóyá kò wù ú kó lọ ṣeré. Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò lóye ọ̀rọ̀.

Ó ní, “Mà, tí mo bá lọ, ta ni yóò ṣọ́ báàgì?”

Deborah wọ kíláàsì mi tojú tomijé. Ó ní, “Ìyá Ayọ̀bámi, ọmọ yìí ti gbà pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán òun wá sáyé nìyẹn. Èmi ò gbà. Mo fẹ́ ohun tó máa gùn fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé e.”

Jacob ló rí ọ̀nà rẹ̀. Iṣẹ́ ò sí, kò sẹ́ni tó ń ra àga lásìkò yẹn, orí ìjókòó ló wà tó ń ronú. Ó ní àtẹ̀gùn gan-an ni ọ̀tá. Ẹni tó ń rákò kò lè gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n yóò gun òkè tó bá rọra ga. Kí a mọ òkìtì, kí a ṣe ọwọ́ ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí òun fá pákó ìrókò títí yóò fi dán, kí a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kejì fún àwọn ọmọ láti máa fìdí yọ̀ wálẹ̀. Ní ti jáńgílófà, òun yóò fi àlòkù táyà ṣe ìjókòó tó ní ẹ̀yìn, yóò so ó wálẹ̀ dáadáa, yóò da yanrìn odò Ọ̀ṣun sábẹ́ rẹ̀.

Yẹ̀pẹ̀ kò jẹ́ ìṣòro. Kọngílá tí ń ṣe títì ti sá lọ nígbà tí owó tán lọ́wọ́ ìjọba, ó sì fi òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Ibi tí a máa kó o sí ni ìṣòro. Ibì kan ṣoṣo tó tẹ́jú, tó sì ní ibòji nílé ìwé náà, ibẹ̀ ni irin Alájì wà. Ọ̀gá àgbà ní òun ò lè bá ìdílé ńlá fa wàhálà, kí Deborah lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé.

A lọ bá Àlájà Fàsílátù, àkọ́bí Alájì, tó ń ta símẹ́ǹtì lọ́jà. A kúnlẹ̀, a kí wọn. Ẹnu ni Deborah fi kó bá ara rẹ̀. Ó ní, “Àlájà, irin ìdọ̀tí yẹn ló gba ààyè lọ́wọ́ wa.” Mo já a léèékánná, ó ti bọ́. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ là ń bá a pè é. Ta ló ní kó pè é ní ìdọ̀tí?

Àlájà dìde. “Ọrẹ tí bàbá mi fi owó kòkó ṣe lò ń pè ní ìdọ̀tí? Nílé mi? Ẹ jáde. Ẹni tó bá fọwọ́ kan irin yẹn yóò rí mi!”

A jáde. Inú ń bí mi sí Deborah títí a fi délé.

Sátidé ìmọ́tótó ń bọ̀, èyí tí àwọn sójà fi lé wa lórí, tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn lójú títì láàárọ̀ àfi ẹni tó mú ọkọ́ tàbí ìgbálẹ̀ dání. Àlájà gbọ́ pé ilé ìwé fẹ́ tún àyíká ṣe. Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, wọ́n wá fúnra wọn láti wo irin bàbá wọn. Ọ̀gá àgbà ṣe bí ẹni tí ń wá nǹkan nínú ọ́fíìsì, kò jáde. Deborah nìkan ló lọ pàdé wọn, èmi tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Wọ́n dúró níwájú okùn. Koríko ti bo ẹsẹ̀ irin. Àlájà fọwọ́ gbá a mú, ìpáàrà sì kùn wọ́n lọ́wọ́, ó kan ìborùn funfun wọn.

Deborah kúnlẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ dárí jì mí, ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi Mùsùlùmí ni, wọ́n sọ fún mi pé tí èèyàn bá fi ohun rere sílẹ̀ láyé, gbogbo ìgbà tí ẹlòmíì bá jàǹfààní rẹ̀ ni láádá ń bá olóògbé ní sàréè. Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni. Sàráà tí kì í dúró la ń pè é.”

“Láti ọjọ́ tí mo ti so okùn yìí, ọmọ kankan ò ṣeré níbí. Ọmọ tó ṣeré gbẹ̀yìn, ṣe ló kán lápá. Àlájà mi, kí ló wá ń bá Alájì ní sàréè báyìí?”

Mo rò pé Àlájà yóò fọ́ ọ létí ni. Wọ́n wo ìpáàrà tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe.

Wọ́n ní, “Pátákó orúkọ bàbá mi ńkọ́?”

“Iwájú òkìtì eré tí a fẹ́ mọ síbí gan-an la máa kàn án sí, mà.”

“Màá mú àwọn ọmọkùnrin ilé wa wá hú irin yìí lọ́la. Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ yóò pa ẹ́ lọ́jọ́ kan.” Wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ah, Sátidé yẹn! Àwọn ọmọ ilé Alájì hú irin, àwọn òbí sì ń fi abọ́ àti agbọ̀n ru yẹ̀pẹ̀ kọngílá wọlé. Mùsùlùmí ń gbé e lé Kìrìsìtẹ́nì lórí, Kìrìsìtẹ́nì ń gbé e lé Mùsùlùmí lórí. Sójà tí wọ́n fi ṣọ́ àdúgbò dúró, ó ń ju kòbókò. Àlájà bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé kòbókò yẹn ló máa bá wa ru yẹ̀pẹ̀ ni?” Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Sójà náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó fi kòbókò kọ́ ọrùn, ó gbé agbọ̀n. Èmi tí n kì í yin sójà, mo yin ìyẹn.

A fún òjò láyè kó kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, Jacob sì parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ó fi àbẹ́là ra pákó náà títí tó fi ń dán gbinrin, ó sì kan pátákó orúkọ Alájì síwájú òkìtì. Ọjọ́ Ajé kan, Deborah tú okùn tó ti so yí òkìtì ká. Kò pe ìpàdé, kò pe olóyè. Agogo eré lù, àwọn ọmọ sì ya bo òkìtì.

Abẹ́ máńgòrò ni Sìmbíátù ṣì wà. Mo fẹ́ lọ pè é, Deborah di apá mi mú. “Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀.”

Ọmọ náà wò, ó wò. Ó ti báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rákò bọ̀. Nígbà tó dé ìdí òkìtì, Adéwálé, ọmọ kíláàsì kẹfà, bẹ̀rẹ̀ láti gbé e.

Sìmbíátù ní, “Ta ló ní o gbé mi?” Adéwálé yàgò.

Ó di igi ìdìmú mú. Ó gùn ún, ó sinmi, ó tún gùn ún, àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó dé orí òkìtì, ó jókòó lórí pákó, ó sì ń wo gbogbo ilé ìwé láti òkè. Kò lọ. Ó ń wò ó ṣáá.

Ìlà gùn, ara àwọn ọmọ kò gbà á mọ́. Ọ̀kan lọ́gun láti ẹ̀yìn: “Sìmbíátù, yọ̀ sílẹ̀ jàre! Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n ṣe é fún ni? Olójúkòkòrò!”

Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wọ ilé ìwé wa, àánú ni gbogbo wọn ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó bá a jà rí nítorí eré. Deborah káwọ́ lérí, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Sìmbíátù bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ dúró jàre! Ó kàn mí ni!”

Ó sì jọ̀wọ́ etí pákó, ó yọ̀ wálẹ̀ tariwotariwo.