Ilẹ̀ Ìlérí Màmá Mi ní Ẹgan

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kejì, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Mo rántí nítorí pé agogo ìjọ wa ní Ìkòtún ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni. Màmá mi, tó ń ṣe iṣẹ́ aránṣọ, ni tíṣà kíláàsì Bíbélì àwọn ìyá. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, mi ò tíì ríṣẹ́, mo sì ń bá a gbé pátákó àti ṣọ́ọ̀kì kiri. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí àwọn amí méjìlá tí Mósè rán lọ wo ilẹ̀ Kénáánì. Mẹ́wàá nínú wọn ní àwọn rí àwọn ọmọ Ánákì, àwọn òmìrán. Ẹ̀rù ba gbogbo ìjọ Ísírẹ́lì, wọ́n kọ̀, wọn ò lọ, Ọlọ́run sì ní inú aginjù ni wọn yóò kú sí. Màmá mi pa Bíbélì dé. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, èmi náà ti kú sí aginjù rí o."

Mo mọ ohun tó ń wí. Nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fún un ní ilẹ̀ gbígbẹ kan ní Ìdímù, ó ní kó tètè kọ́lé sí i. Ó débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bá àwọn ọmọ onílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pariwo, ó sá wálé, kò sì débẹ̀ mọ́ títí ẹlòmíràn fi kọ́lé sórí ilẹ̀ náà. Ọmọ Ánákì tirẹ̀ nìyẹn. "Àìgbàgbọ́ ló gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo ti ra òmíràn ní Ẹgan. Lọ́tẹ̀ yìí, mò ń gòkè lọ!" Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́, ọ̀kan tilẹ̀ jó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la lọ sí Ẹgan. Olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà, bàbá arúgbó kan tó ń fa tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, pe màmá mi sẹ́yìn.

"Ìyá aránṣọ, àwọn ọmọ mi ló tà á fún ẹ, àmọ́ èmi ò ní purọ́ fún ẹ. Má tíì da ìpìlẹ̀. Jẹ́ kí òjò ọdún kan kọjá lórí ẹ̀ ná, kó o rí ibi tómi ń gbà."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ọlọ́run tèmi kì í bẹ̀rù òjò."

"Òjò náà kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, jàre."

Mo bi ara mi léèrè ìdí tí bàbá náà fi jẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di irọ́. Nígbà tá a délé, mo ka ìyókù ìtàn àwọn amí náà, nítorí etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tí wọ́n kọ̀ láti lọ dìde láàárọ̀ kùtù, wọ́n ní àwọn ti ṣe tán. Mósè ní kí wọ́n má lọ mọ́. Wọ́n lọ. Àwọn ọ̀tá nà wọ́n bí ẹni lu bàrà. Mo fa ìlà sábẹ́ àwọn ẹsẹ náà bí agbẹjọ́rò, mo gbé Bíbélì náà lọ bá màmá mi nídìí máṣíìnì.

"Ẹ wò ó, Màmá. Wọ́n ní kí wọ́n lọ, wọn ò lọ. Wọ́n ní kí wọ́n má lọ, wọ́n lọ. Ọ̀kan náà ni méjèèjì."

"Ṣé bàbá yẹn wá di Mósè ni?"

"Ẹ̀gbọ́n yín náà kì í ṣe Mósè, ẹ sì ní àìgbàgbọ́ ni pé ẹ ò gbọ́ tiwọn."

Ó dá ẹsẹ̀ tó fi ń wa máṣíìnì dúró. "Amí kẹwàá! Gbé ìròyìn búburú ẹ kúrò níwájú mi, kí n ráyè ránṣọ."

Orúkọ náà mọ́ mi lára. Bí mo bá ti wọ kíláàsì, àwọn ìyá á máa kí mi: "Amí wa, òmìrán mélòó lo rí lónìí?" Mo ń gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn pé gbà àti gbọ́ ló parapọ̀ di ìgbàgbọ́, pé màmá mi gbà, àmọ́ kò gbọ́. Mo kàwé débi pé mo rò pé àlàyé lè dá ẹni tó ti ra sìmẹ́ńtì dúró.

Ó kọ́ ilé náà, ó sì kó wọ ibẹ̀ kí òjò tó le; èmi dúró sí yàrá wa ní Ìkòtún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Mo sáré débẹ̀, mo bá a nínú pálọ̀, omi dé orúnkún rẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà ń léfòó, máṣíìnì wà lórí tábìlì.

"Má sọ nǹkan kan," ló wí.

"Mi ò sọ nǹkan kan, mà."

"Ojú ẹ ń sọ̀rọ̀."

A kó padà sí yàrá wa ní Ìkòtún. Mo rò pé ó ti tán. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ní ìgbàgbọ́ òun ló kéré. Mo di orí mú.

Nísinsìnyí tí mo bá ro ọ̀rọ̀ àwọn ará aginjù yẹn, mi ò rò pé wọn ò gbọ́ràn nítorí pé etí wọn di. Ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè ní ohùn Ọlọ́run: bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, ohùn ni, bí ojú bá tì wọ́n, ohùn náà ni. Àwọn kan ní ìjọba máa gbẹ́ gọ́tà ńlá sí Ẹgan. Mi ò rí katakata kankan níbẹ̀. Àwọn kan ní màmá mi fẹ́ ta ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ní irọ́ ni. Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni ti Sátidé tó kọjá. Ó ti da yanrìn kún inú ilé kí omi má bàa wọ ibẹ̀ mọ́, bíríkìlà sì ti da kọnkéré tuntun lé e, ilẹ̀ pálọ̀ ti ga débi pé ẹnu ọ̀nà ti kúrú ju ènìyàn lọ. Màmá mi, tí kò ga rárá, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó tẹrí ba, ó sì wọlé.