Wọ́n ti yọ orúkọ ọmọ mi kúrò lára àwọn tó ń dúró de braces

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tójú wa rí lónìí.

Ọdún mẹ́ta la ti wà lórí waiting list níbí nílùú òyìnbó, kí ìjọba lè fi braces, ìyẹn wáyà tí wọ́n fi ń to eyín, tún eyín Dárà, ọmọ mi obìnrin, ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu.

Láàárọ̀ yìí, mo pe klíníìkì láti béèrè ibi tọ́rọ̀ dé. Obìnrin tó gbé fóònù ní, "A kọ lẹ́tà sí yín, ẹ ò fèsì. A ti yọ orúkọ rẹ̀."

Ilé wa àtijọ́ ládùúgbò Glyndon ni wọ́n kọ ọ́ sí! Ó ti pẹ́ tá a ti kó wá sí Thamesmead, mo sì fi ímeèlì sọ fún wọn.

"Kí la wá máa ṣe báyìí?"

"Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, mà."

Dárà jókòó tì mí, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tá a ń sọ. Àfi bó ṣe gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Auntie, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ẹ bá mi wo ímeèlì mummy mi."

Obìnrin náà lọ wò ó. Ó rí i. Ó tọrọ àforíjì, ó sì dá orúkọ Dárà padà sáyè rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yẹ eyín rẹ̀ wò.

Mo rò pé inú ọmọ yìí máa dùn. Ẹkún ló bú sí.

"Mummy, mo ti rò pé ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ eyín mi ni."

Ẹ̀yin tọ́mọ yín náà ń dúró, ìgbà wo lẹ pè wọ́n gbẹ̀yìn?